Orí kejì iṣẹ́ àṣekágbá: bí a ṣe ń lo AI láì tọ́ka sí ìwé tí kò sí

Orí kejì, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣàyẹ̀wò ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ lórí àkọlé rẹ̀, ni iṣẹ́ àṣekágbá ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń há. Yálà Yunifásítì Èkó ní Akoka lo wà, tàbí LASU ní Ọ̀jọ́, tàbí YABATECH ní Yábàá, ẹ̀sùn méjì ló sábà máa ń dá orí yìí padà láti ọwọ́ alábòójútó: àwọn ìwé tí o tọ́ka sí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, tàbí kí o má lè ṣàlàyé ohun tí o sọ pé ìwọ lo kọ. Ibì kan náà ni ẹ̀sùn méjèèjì ti ń wá. Akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣí ChatGPT tàbí Gemini, àwọn ẹ̀rọ AI tó ń dáhùn ìbéèrè tó sì ń kọ̀wé, kó tó ṣí ìwé kankan.

Ètò tó wà nísàlẹ̀ yìí ní kí ìwé kíkà ṣáájú ìwé kíkọ, kí ọ̀rọ̀ ẹnu tìrẹ sì ṣáájú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Àpẹẹrẹ kan náà ni a ó máa lò: iṣẹ́ tó ń wádìí bí ọkọ̀ ojú irin Blue Line ṣe kan àwọn oníṣòwò ọjà Balógun tó ń ti Mile 2 wọ Àìláńdì lójoojúmọ́.

Ohun tó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀

- Àkọlé tí alábòójútó ti fọwọ́ sí, pẹ̀lú ìbéèrè ìwádìí 3 sí 5. Tí ìbéèrè ìwádìí kò bá tíì sí, má tíì bẹ̀rẹ̀. O kò ní mọ ìwé tó kàn ọ́ yàtọ̀ sí èyí tí kò kàn ọ́.
- Àkáǹtì Google, kí o lè fi Google Docs kọ iṣẹ́ náà láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn.
- Zotero lórí kọ̀ǹpútà fún títo ìwé ìtọ́kasí. Ọ̀fẹ́ ni. Tí kò bá sí kọ̀ǹpútà, ìwé ńlá kan tí o fa ìlà sí máa ṣe é.
- Irinṣẹ́ AI ẹyọ kan ṣoṣo. Èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ tó. Ẹni tó bá ń lo mẹ́ta pọ̀ kì í rántí èyí tó sọ kí ni.
- Káàdì láíbìrì. Jọ́nà (ìwé tí àwọn oníwádìí ń gbé iṣẹ́ wọn jáde sí) tó ń bèèrè dọ́là lọ́wọ́ rẹ nílé lè ṣí lọ́fẹ̀ẹ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì láíbìrì, tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti sanwó rẹ̀.
- Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó kéré tán.

Ìpele 1: Gba òfin lẹ́nu ẹni tí yóò máàkì iṣẹ́

Òfin kò dọ́gba. Ẹ̀ka kan lè gbà kí AI tún gírámà ṣe, kí ẹ̀ka tó wà lókè àtẹ̀gùn kan náà sì kà á sí ìwà jìbìtì. Nítorí náà, má bèèrè pé "Ṣé a lè lo AI?" Ìbéèrè yẹn gbòòrò jù, ìdáhùn rẹ̀ kò sì lè gbà ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀. Dárúkọ ohun tí o fẹ́ fi ṣe, lọ́kọ̀ọ̀kan:

"Ẹ káàsán mà. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ orí kejì. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ fọwọ́ sí i kí n lo AI fún nǹkan mẹ́ta yìí: láti rí ọ̀rọ̀ tí n óò fi wá jọ́nà, láti bi mí ní ìbéèrè lórí ohun tí mo bá kọ, àti láti tọ́ka sí àṣìṣe gírámà? Mi ò ní jẹ́ kó bá mi kọ ìpínrọ̀ kankan. Ẹ ṣé mà."

Tó bá jẹ́ inú ọ́fíìsì ló ti dá ọ lóhùn, fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà: "Gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe sọ lónìí mà, mo lè lò ó fún báyìí, mi ò lè lò ó fún báyìí." Ọ̀pọ̀ ló máa ń ka ìdákẹ́jẹ́ẹ́ sí ìyọ̀ǹda. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ alábòójútó kì í ṣe ìyọ̀ǹda.

Yẹ̀ ẹ́ wò: ìdáhùn wà ní kíkọ, o sì ti fi pamọ́ sínú fódà iṣẹ́ náà. Tí ìdáhùn bá jẹ́ "rárá", ìpele 3 àti ìpele 4 wúlò fún ọ síbẹ̀. Fo gbogbo ibi tí a ti ní kí o ṣí AI.

Ìpele 2: Gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ AI, má gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀

Ohun tí AI mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa níbí ni pé kó sọ orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe nǹkan fún ọ. Ìwọ mọ̀ pé àwọn oníṣòwò ń fi dánfó sílẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin. Àwọn tó ń kọ jọ́nà lórí ìrìnnà ń pè é ní "modal shift". Tí o kò bá mọ orúkọ yẹn, o lè fi ọjọ́ méjì wá ohun tó wà níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú méjì.

Bi í báyìí: "Mo ń ṣe ìwádìí lórí bí ọkọ̀ ojú irin ìgboro ṣe kan owó àti àkókò àwọn oníṣòwò kéékèèké nílùú ńlá. Fún mi ní ọ̀rọ̀ 15 tí àwọn oníwádìí ń lò fún ọ̀rọ̀ yìí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí o sì ṣàlàyé ọ̀kọ̀ọ̀kan ní gbólóhùn kan. Má fún mi ní ìwé tàbí orúkọ òǹkọ̀wé kankan."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì. Kó ọ̀rọ̀ tí o bá rí lọ sí Google Scholar àti sí African Journals Online, tí àwọn ènìyàn ń pè ní AJOL. Má fojú fo AJOL. Iṣẹ́ tí àwọn olùkọ́ Nàìjíríà ṣe lórí Èkó wà níbẹ̀, àwọn alábòójútó sì máa ń béèrè ìdí tó fi jẹ́ pé ti òkè òkun nìkan lo kà.

Yẹ̀ ẹ́ wò: o ti ní PDF 15 sí 25 nínú fódà. Orúkọ tí ẹnì kan kọ fún ọ kì í ṣe PDF. Fáìlì tó ń ṣí ni.

Ìpele 3: Yẹ ìtọ́kasí kọ̀ọ̀kan wò, lẹ́yọ lẹ́yọ

Ibí ni kí o ti lo àkókò rẹ jù. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Mọ ohun tó ń fa ìwé tí kò sí. AI kì í ṣí àpótí láíbìrì kó tó dáhùn. Ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ló ń tò. Ìtọ́kasí sì jẹ́ ohun tó ní ẹ̀yà kan náà nígbà gbogbo: orúkọ, ọdún, àkọlé, jọ́nà, nọ́ńbà, ojú ìwé. Ó rọrùn fún ẹ̀rọ láti kún gbogbo àyè yẹn lọ́nà tó dùn ún wò. Ó lè mú orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n tó wà láàyè, kó fi sára jọ́nà tó wà lóòótọ́, kó sì fi àkọlé tí ẹnikẹ́ni kò kọ rí sáàárín. Irú èyí ló burú jù, torí pé tí o bá wá orúkọ náà, wàá rí i, ọkàn rẹ á sì balẹ̀. AI tó máa ń lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó dáhùn sàn díẹ̀, àmọ́ òun náà lè mú ìwé tó wà wá, kó sọ pé ìwé náà sọ ohun tí kò sọ.

Àwọn àgbà náà ti kó sí i. Ní ọdún 2023, ilé ẹjọ́ kan ní New York bu owó ìtanràn 5,000 dọ́là lé àwọn lọ́yà kan àti ilé iṣẹ́ wọn, torí pé wọ́n kó ẹjọ́ tí ChatGPT dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ síwájú adájọ́. Wọ́n tiẹ̀ bi ẹ̀rọ náà léèrè bóyá ẹjọ́ ọ̀hún wà. Ó ní ó wà. Ìdí nìyí tí o kò fi gbọ́dọ̀ sọ AI di ẹlẹ́rìí ara rẹ̀.

Ìtọ́kasí kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gba ẹnu ọ̀nà mẹ́rin kọjá:

1. DOI, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ń fún ìwé jọ́nà. Lọ sí doi.org, tẹ nọ́ńbà náà, wo ibi tó gbé ọ lọ. Fi èyí kọ́ ọwọ́: tẹ 10.1016/j.patter.2023.100779. Yóò gbé ọ lọ sí ìwádìí kan nínú jọ́nà Patterns ti ọdún 2023, lórí bí àwọn ẹ̀rọ tó ń wá AI kiri ṣe ń fẹ̀sùn èké kan àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn. (Fi í pamọ́. Yóò wúlò fún ọ ní ìpele 6.) Tí doi.org bá ní òun kò rí nọ́ńbà rẹ, tàbí tó gbé ọ lọ sí ìwé mìíràn, fura.

2. Àkọlé. Kì í ṣe gbogbo jọ́nà ilẹ̀ wa ló ní DOI, nítorí náà àìní DOI nìkan kò sọ ìwé di èké. Fi àkọlé náà sáàárín àmì àyọlò nínú Google Scholar. Gbogbo àkọlé ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́.

3. Ilé jọ́nà náà. Ṣí ìkànnì jọ́nà, lọ sí nọ́ńbà àti ọdún tí wọ́n kọ, kí o wo ojú ìwé. Tí ìtọ́kasí bá sọ pé ojú ìwé 45 sí 61, tí ìwé tó wà ní ojú ìwé 45 sì jẹ́ ti ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ ti parí.

4. Gbólóhùn náà fúnra rẹ̀. Ṣí PDF, wá ibi tí òǹkọ̀wé ti sọ ohun tí o ní ó sọ, kí o kọ nọ́ńbà ojú ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìtọ́kasí tó bá gba ẹnu ọ̀nà mẹ́ta àkọ́kọ́ kọjá lè ṣubú síbí.

Èyí tí kò bá kọjá, yọ ọ́. Má wá ìwé mìíràn tó "jọ ọ́" kí o kàn pààrọ̀ orúkọ. Gbólóhùn tó gbára lé ìwé náà gbọ́dọ̀ kúrò pẹ̀lú rẹ̀, àfi tí o bá ka ìwé tuntun tó sọ ọ́ lóòótọ́.

Ọ̀nà kan náà ni kí o fi yẹ ọ̀rọ̀ nípa Èkó wò. Ètò Blue Line láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kìlómítà 27, láti Òkókómáíkò dé Marina. Àmọ́ apá àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní 4 Oṣù Kẹsàn-án 2023 kò ju kìlómítà 13 lọ, láti Mile 2 sí Marina, ibùdó márùn-ún. AI lè da ètò pọ̀ mọ́ ohun tó ń ṣiṣẹ́, kó kọ ọ́ fún ọ pé àwọn oníṣòwò ń wọkọ̀ ojú irin láti Òkókómáíkò lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Olùyẹ̀wò tó ń gbé ní Fẹ́sítáàkì kò ní jẹ́ kí ìyẹn kọjá.

Yẹ̀ ẹ́ wò: nínú Zotero tàbí ìwé ńlá rẹ, ìtọ́kasí kọ̀ọ̀kan ní àmì mẹ́rin àti nọ́ńbà ojú ìwé kan. Fún ẹnì kan ní àkójọ náà, kó mú márùn-ún láìṣa. O gbọ́dọ̀ lè ṣí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan fún un láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ìpele 4: Kà á, kí o fi ọwọ́ ara rẹ kọ ohun tí o rí

Ìlà márùn-ún fún ìwé kan: kí ni wọ́n wá, níbo àti lọ́wọ́ ta ni, ọ̀nà wo ni wọ́n gbà, kí ni wọ́n rí, kí ni wọn kò dé. Tí o bá fẹ́ kí AI ké ìwé kúrú fún ọ, kà á tán ná. Àkékúrú máa ń gé ààlà ìwádìí dànù: ìwé tó béèrè lọ́wọ́ ènìyàn 120 ní Òṣòdì yóò di "àwọn ará Èkó gbà pé". Ẹni tí kò ka ìwé kò ní mọ̀ pé nǹkan kan sọnù.

Yẹ̀ ẹ́ wò: pa PDF dé, kí o ṣàlàyé ìwé náà ní Yorùbá fún ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé yàrá. Bó bá yé e, ó ti yé ọ.

Ìpele 5: Kọ ọ́ tán kí o tó ṣí AI

Ṣí Google Docs, pa AI dé. Má to ìwé ní ẹnì kọ̀ọ̀kan: "Lágbájá sọ báyìí, Làkásègbè sọ báyìí", títí ojú ìwé 20. Kó wọn jọ lórí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń jà lé. Nínú àpẹẹrẹ wa, ìpín mẹ́ta tó: àwọn tó sọ pé ọkọ̀ ojú irin ń dín àkókò kù, àwọn tó sọ pé ẹrù ọjà kò rọrùn láti gbé wọ inú rẹ̀, àti àwọn tó sọ pé owó ọkọ̀ láti ilé dé ibùdó ń jẹ èrè náà. Ibi tí ìwé kò dé ni iṣẹ́ tìrẹ yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì rẹ lè má dán. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Alábòójútó mọ bó ṣe ń tún Gẹ̀ẹ́sì tó há ṣe. Kò mọ bó ṣe máa tún èrò tí kò sí ṣe.

Lẹ́yìn tí o bá ti kọ ìpín kan tán pátápátá, o lè wá pe AI, kí o sì fi í ṣe olùyẹ̀wò: "Èyí ni ìpín tí mo kọ. Má tún un kọ. Bi mí ní ìbéèrè líle 7 tí olùyẹ̀wò lè bi mí lórí rẹ̀. Fi gbólóhùn tí kò ní ẹ̀rí hàn mí. Fi ibi tí mo ti tako ara mi hàn mí." Dá ìbéèrè méjèèje lóhùn lórí bébà, kí o padà lọ tún ìpín náà ṣe fúnra rẹ. Mo gbà pé èyí ni àǹfààní tó tóbi jù tí AI lè ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ tí alábòójútó rẹ̀ kò ráyè, torí kò sẹ́ni tó máa ń bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ títí dọjọ́ dífẹ́ǹsì, ọjọ́ tó máa gbèjà iṣẹ́ rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀.

Fún gírámà, sọ fún un pé kó to àṣìṣe sílẹ̀ kó sì ṣàlàyé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwọ ni kí o fi ọwọ́ tún un ṣe.

Ibi mẹ́ta tí wọ́n ti ń jìn sí kòtò níbí:

Àkọ́kọ́ ni "bá mi jẹ́ kó dún bíi ti onímọ̀". Bí ìyẹn bá ti jáde lẹ́nu rẹ, ìpínrọ̀ náà kì í ṣe tìrẹ mọ́, kódà bó jẹ́ èrò rẹ ló wà nínú rẹ̀.

Èkejì ni àwọn ìkànnì tó ń ṣèlérí pé àwọn yóò sọ ọ̀rọ̀ AI di ọ̀rọ̀ ènìyàn. Wọ́n kàn ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀ tó jọ ọ́ ni. Àwọn oníwádìí ti rí ìwé jọ́nà níbi tí "artificial intelligence" ti di "counterfeit consciousness", tí "breast cancer" sì di "bosom peril". Kò sí àwáwí tí yóò gba ẹni tó kọ irú rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni kíkó orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn tó dáhùn ìwé ìbéèrè rẹ sínú AI. Ìyá tó dá ọ lóhùn ní Balógun kò fún ọ láṣẹ bẹ́ẹ̀, òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 sì wà. Pe wọ́n ní Oníṣòwò 1, Oníṣòwò 2.

Tí o bá ní kó bá ọ ṣe ìṣirò, tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àṣekágbá ń lo ọ̀nà Yamane láti mọ iye ènìyàn tí wọn yóò bi: pín iye gbogbo wọn fún àròpọ̀ 1 àti iye wọn tí a fi 0.05 (ìwọ̀n àṣìṣe tí a gbà láyè) sọ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Fún oníṣòwò 1,200: 1,200 lọ́nà 0.05 lọ́nà 0.05 jẹ́ 3. Fi 1 kún un, ó di 4. 1,200 pín sí 4 jẹ́ 300. Kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ lórí fóònù. Tí AI bá fún ọ ní iye mìíràn, ìwọ lo tọ̀nà.

Yẹ̀ ẹ́ wò: nínú Google Docs, tẹ File, kí o tẹ Version history. Ó yẹ kí o rí ọjọ́ púpọ̀, kí ọ̀rọ̀ máa gùn díẹ̀díẹ̀, kí o rí ibi tí o ti kọ tí o sì pa rẹ́. Tí ojú ìwé mẹ́ta bá já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹlòmíràn náà yóò rí i.

Ìpele 6: Mọ ohun tí Turnitin ń sọ, kí o sì mọ bí o ṣe máa gbèjà ara rẹ

Turnitin ni ẹ̀rọ tí ilé ẹ̀kọ́ fi ń yẹ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wò. Nọ́ńbà méjì ló ń gbé jáde, àwọn ènìyàn sì ń dà wọ́n pọ̀. Ti àkọ́kọ́ ń sọ iye ọ̀rọ̀ rẹ tó jọ ọ̀rọ̀ tó ti wà níbòmíràn. Àyọlò tó ní àmì rẹ̀ àti àkójọ ìwé ìtọ́kasí pàápàá lè gbé e sókè, nítorí náà ka ibi tó kùn lọ́dà kí o tó bẹ̀rù. Ìkejì, tí Turnitin gbé jáde ní Oṣù Kẹrin 2023, ń fojú díwọ̀n iye tó jọ pé AI ló kọ. Ìfojúdíwọ̀n ni. Kì í fi nọ́ńbà tó wà láàárín 1 sí 19 nínú ọgọ́rùn-ún hàn, torí pé àṣìṣe pọ̀ níbẹ̀. OpenAI tó ṣe ChatGPT náà gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ tó ń wá ọ̀rọ̀ AI kiri kúrò nílẹ̀ ní Oṣù Keje 2023, torí pé kò péye tó.

Tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn ọ́, tí ìwọ lo sì kọ iṣẹ́ rẹ, má jà, má sì sunkún. Kó nǹkan márùn-ún jọ: ìtàn Google Docs, ìlà márùn-ún tí o kọ fún ìwé kọ̀ọ̀kan, àwọn PDF tí o fàlà sí, àtẹ̀jíṣẹ́ ìyọ̀ǹda ti ìpele 1, àti ọ̀rọ̀ tí ìwọ àti AI jọ sọ. Nítorí èyí, má pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Fi ìwádìí inú Patterns kún un: lára àròkọ 91 tí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn fi ọwọ́ ara wọn kọ, àwọn ẹ̀rọ méje tí wọ́n dán wò pe èyí tó ju ìdajì lọ ní iṣẹ́ AI. Turnitin kò sí lára àwọn méje náà, má ṣe sọ pé ó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, sọ fún wọn pé: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ bi mí ní ìbéèrè lórí ojú ìwé tó bá wù yín."

Yẹ̀ ẹ́ wò: o lè sọ gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn láìsí ìbẹ̀rù. Tí ojú ìwé kan bá wà tí o kò fẹ́ kí wọ́n ṣí, padà sí ìpele 4 lórí ojú ìwé yẹn.

Ìpele 7: Kọ ohun tí o fi AI ṣe síta

Ìpínrọ̀ kan tó, ní ibi tí ẹ̀ka rẹ bá ní kí o fi sí. Dárúkọ irinṣẹ́, oṣù tí o lò ó, ohun tí o fi ṣe, àti ohun tí o kò fi ṣe: "Mo lo Gemini ní Oṣù Kẹta àti Oṣù Kẹrin láti rí ọ̀rọ̀ ìṣàwárí, àti láti fi àṣìṣe gírámà hàn mí ní orí kejì. Èmi ni mo ka gbogbo ìwé tí mo tọ́ka sí, èmi ni mo sì kọ gbogbo ìpínrọ̀." Má fi AI sí ara àwọn òǹkọ̀wé, má sì tọ́ka sí i bí ẹ̀rí pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Kò lè dúró níwájú ìgbìmọ̀ gba ẹ̀bi.

Yẹ̀ ẹ́ wò: fi ìpínrọ̀ náà wé ìdáhùn alábòójútó ní ìpele 1. Kò gbọdọ̀ sí iṣẹ́ kankan níbẹ̀ tí wọn kò fọwọ́ sí.

Ìpele 8: Títẹ̀ àti dídì

Má gbé fáìlì Word fún ẹni tó ń tẹ̀wé ní Ṣómólú tàbí ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ẹ̀gbẹ́ géètì. Àwọn kan máa ń "bá ọ to" ìwé ìtọ́kasí láìbèèrè, wọ́n sì ń fi AI tò ó báyìí. PDF ni kí o fún wọn. Kí wọ́n tó di í, ṣí ojú ìwé ìtọ́kasí lórí bébà, fi ìka tẹ̀ lé e láti orúkọ àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn pẹ̀lú àkójọ Zotero lọ́wọ́ kejì. Iye wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba. Tí ọ̀kan bá lé, má jẹ́ kí wọ́n di ìwé náà.